Èdè Tí Wọ́n Ń Sọ Nílé Ìyá Ògo

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èdè kò lè gba ọkọ lọ́wọ́ obìnrin, ẹ ní kó wá bá mi ní Aramoko. Kó béèrè Fadékẹ́mi, ọmọ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Màá fún un lága, màá bu omi fún un mu, lẹ́yìn náà ni màá wá ròyìn ohun tí ojú mi rí. Inú ṣì ń bí mi títí di òní, n kò ní tàn yín.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Dádì mi ṣe níbẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwé, kò sì gbà kí èyíkéyìí nínú àwa ọmọ rẹ̀ la ẹnu sọ èdè Èkìtì. "Yorùbá tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ni kí ẹ sọ," ni ó máa ń wí. Nígbà tó fẹ̀yìntì ló kó wa padà sí Aramoko, ìlú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi á kàn máa rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tí wọ́n wí. Kò pẹ́ ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìwé girama kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí pé kí n máa kọ́ wọn ní èdè Yorùbá. Ẹ ò rí nǹkan! Tíṣà Yorùbá tí kò gbọ́ Yorùbá tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń bú ara wọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá arúgbó kan jókòó tì mí nínú takisí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kókò lé itan. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ yèsí?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó tún bi mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, dírẹ́bà pàápàá ń lu sítíárì. Ojú tì mí débi pé ó ku díẹ̀ kí n ní kí wọ́n já mi sílẹ̀ ní Ìtawùrẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú ló yíjú padà. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ń bi yín pé ọmọ ta ni yín."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ Aramoko ni mí."

"Ọmọ Aramoko!" Ó sọ ọ́ fún ìyá náà, ìyá náà sì pàtẹ́wọ́ ìyàlẹ́nu. Ó ní ta ló gé ahọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin yìí ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa títí a fi gun òkè dé àárín ìlú, ìyá ń béèrè, èmi ń dáhùn, òun ń gbé ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ máa nílò ògbufọ̀ nílùú yìí o. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni tèmi."

Ògoolúwa lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa èdè ló kà ní yunifásítì, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó, ó ń bá a dáko, ó sì ń wá iṣẹ́. Bọ́ládé, tí èmi àti rẹ̀ jọ ń kọ́ni, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá Ògo ni. Bọ́ládé yìí ló wá di alárinà wa. Ó á ní, "Ògo kí ẹ," kí Ògo tó kí mi. Ó á ní, "Kẹ́mi ń béèrè rẹ," nígbà tí n kò tí ì béèrè ẹnikẹ́ni. Kí n tó mọ̀, mo ti ń béèrè lóòótọ́. Bí takisí bá ti ń gun òkè lówùúrọ̀, ọkàn mi á máa sáré ṣáájú ọkọ̀. Bí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, ilé wa ní Aramoko á há mọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi bò?

Ọ̀rọ̀ Jọ́dánì ló kó rúkèrúdò wọlé. Ilé ìwé kan ní ìlú Ammáànì ní ilẹ̀ Jọ́dánì gbà á láti wá kọ́ èdè Lárúbáwá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Ìyá rẹ̀ jó yí ilé ká nígbà tó gbọ́. Ìyá Ògo kò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ Jọ́dánì, odò tí wọ́n ti ri Jésù bọmi nìkan ló mọ̀. Ó ń sọ káàkiri ìjọ CAC pé ọmọ òun ń lọ gbé létí odò náà.

Dádì mi kò jó ní tirẹ̀.

"Lárúbáwá?" ni ó wí. "Ọmọ CAC, Lárúbáwá?"

Mo ní, "Dádì, èdè ni. Àwọn tó lè túmọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Bó bá dé, yunifásítì á gbà á síṣẹ́."

"Bó bá dé." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí búbá nù ún. "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, Fadékẹ́mi. Èmi lọ sí Ìbàdàn péré, wo ọjọ́ orí tí mo dé kí n tó padà. Ta ló wá lọ sí òkè òkun tó máa gbọ́ bí ilé bá ń pè é?"

Bọ́ládé ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́jọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀ síwájú Dádì, kò dìde. Ó ní, "Bàbá, ará ilé mi ni Ògo. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n dójú àmì. Bí kò bá padà, ọrùn mi ni kẹ́ ẹ dì mú."

Dádì wò ó títí. Ó ní, "Kí àwọn ará ilé rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ìdána lórí fóònù. Kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó wá dọ̀bálẹ̀ síwájú mi níbí. Ìwọ Kẹ́mi, ìwọ lo yàn án o. Bó bá lọ tí kò bọ̀, má wá sunkún sí mi létí." Mo ní mo gbọ́. Àwọn ará ilé Ògo sì wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lóòótọ́. Ìrètí mi lágbára nígbà náà, mo tiẹ̀ rò pé bàbá mi ló ń ṣàṣejù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ó tó lọ, èmi àti Ògo jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Ó ní ohun kan wà tó ń gún òun lọ́kàn.

"Lárúbáwá tí a ń wí yìí, oríṣi méjì ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀," ni ó wí. "Ọ̀kan ni ti ìwé. Òun ni wọ́n fi ń ka ìròyìn, tí wọ́n fi ń kọ̀wé, ibikíbi tí wọ́n ti ń sọ Lárúbáwá láyé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èkejì ni ti ilé. Ti Ammáànì yàtọ̀ sí ti Ìjíbítì, ti Ìjíbítì yàtọ̀ sí ti Mòrókò. Bí a bá dé, wọ́n á ní kí kálukú mú ọ̀kan. Àkókò kò tó fún méjì."

"Bíi Yorùbá Dádì mi àti ti ìyá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Mo fà sún mọ́ ọn. Mo ní, "Èwo ló máa gbé ẹ padà wálé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, òun náà dákẹ́. Ó ní, "Ti ìwé. Òun ló níṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ta ni màá wá máa bá sọ ti ilé wọn ní Òkè-Ìmẹ̀sí níbí? Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú ilé ló ń kọ́ èdè ibẹ̀."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, Kẹ́mi. Ti ìwé ni màá mú."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe ń padà sí Aramoko, mo ń tún un sọ nínú ara mi: ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú ilé ló ń kọ́ èdè ibẹ̀. Ṣé ilé ìyá rẹ̀ kọ́ ni èmi fẹ́ jókòó sí? Mo bá pinnu pé bó bá di ọjọ́ ìdána, màá kúnlẹ̀ síwájú àwọn ará ilé ọkọ mi, ohùn Òkè-Ìmẹ̀sí ni màá fi kí wọn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Mo fẹ́ rí ojú Ògo lọ́jọ́ náà.

Bọ́ládé nìkan ni mo sọ fún, nítorí òun ló máa kọ́ mi. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti lọ tán, òun àti èmi á jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́.

"Ilé?" ni ó máa ń wí.

"Ulé."

"Iṣu?"

"Uṣu."

"Ìyàwó?"

"Ùyàwó."

"Ta ni?"

"Yèsí." Ibẹ̀ la ti máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ takisí fún un. Láti orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan a bọ́ sórí ìbéèrè, láti orí ìbéèrè a bọ́ sórí àpárá àti òwe. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ nídìí ẹ̀rọ ata, mo ń gbọ́ èébú àwọn ọlọ́kadà. Nílé Ìyá Ògo, bí odi ni mo ṣe ń ṣe. Mo pa ẹ̀rín mọ́ inú.

Gbogbo Sátidé ni mo ń wà nílé Ìyá Ògo. Àfẹ́sọ́nà tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ kì í dúró dìgbà ìgbéyàwó kó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ilé ọkọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń bá a dáko ló lọ yẹn, nítorí náà mo bá a kọ ebè, mo bá a ta iṣu, mo gúnyán fún àwọn alágbàṣe. Ọwọ́ mi tó ti máa ń di ṣọ́ọ̀kì mú tẹ́lẹ̀, ó le koko. Ìyá Ògo á máa yìn mí: "Ìyàwó mi tíṣà!" Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń bá mi sọ. Ó á ní, "Ìwọ ọmọbìnrin, súnmọ́ ìhín kí o sì jẹun." Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Mo ń pè é ní ìyá mi, láti inú ọkàn mi.

Ní oṣù àkọ́kọ́, Ògo ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáṣáàpù. Ó á ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lárúbáwá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wà lórí àga ìwàásù, á wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. N kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ léraléra. Nígbà tó yá, ohùn náà dẹ́kun. Mo ní, "Ògo, ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ka díẹ̀ fún mi."

Ó ní, "Háà, Kẹ́mi. Èdè ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi í dápàárá."

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ kan tí a ń wo ara wa lórí fóònù, ìyá àgbàlagbà kan gbé tíì wọlé fún un, Ògo sì sọ nǹkan kan fún un wàrà, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ gbá a léjìká. Mo bi í pé ta nìyẹn. Ó ní aládùúgbò ni. Ohun tó sọ fún ìyá náà kò jọ ti orí àga ìwàásù rárá. Ó jọ bí Bọ́ládé ṣe máa ń bá ẹni tó ń ta ẹ̀pà sọ̀rọ̀. Ọkàn mi ṣe mí bákan. Mo sọ fún ara mi pé, Fadékẹ́mi, má sọ ara rẹ di òjòwú, ṣé kò ní kí ẹni tó gbé tíì fún un ni?

Ọdún kan tí Ògo dá fún Dádì mi pé. Ó ní wọ́n fi oṣù mélòó kan kún ẹ̀kọ́ àwọn. Dádì kàn ń wò mí bí mo ṣe ń múra lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí ní Sátidé, á sì padà sórí ìwé ìròyìn rẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Ìgbà tí a ń wa iṣu ni àṣírí tú. A wà lẹ́yìnkùlé, èmi àti Ìyá Ògo, à ń ṣa iṣu tí wọ́n kó dé láti oko, ńlá sápá kan, kékeré sápá kan. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ha erùpẹ̀ kúrò lára wọn. Fóònù Ìyá Ògo dún. Fóònù náà ti bàjẹ́ níbi tí a ń gbé sétí, sípíkà ló máa ń fi í sí, gbogbo ilé ló sì máa ń gbọ́ ọ. Ògo ni. Mo dìde kí n lè kí i, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo bá jókòó padà. Mo ní bí wọ́n bá parí, wọ́n á fún mi.

Mo ń sọ èyí fún yín ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Ohùn Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìyá àti ọmọ fi sọ ọ́, kò sì sí ibi tí n kò gbọ́.

"Hannah ńkọ́?" ni Ìyá Ògo wí.

"Ó wà, Ìyá. Ó ní kí n kí yín."

"Kí á dúpẹ́ pé Kírísítẹ́nì ni wọ́n. Orúkọ inú Bíbélì, létí Jọ́dánì! Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò ní gbọ́ èdè rẹ̀."

"Èmi á máa túmọ̀ fún yín. Èdè ilé wọn ti wọ̀ mí lára báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká yàn ni mo ti mú ti ilé. Bàbá rẹ̀ ní èmi kì í ṣe àlejò mọ́."

"Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Kó tó di Kérésì, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbí." Ó wá ní, "Kẹ́mi ńkọ́, Ìyá? Ṣé ó ṣì ń wá?"

"Òun ló jókòó síwájú mi yìí. Kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un lónìí. Ó ti pẹ́ jù. Kò dáa."

Ìyá Ògo wo òkìtì iṣu tó wà nílẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sí mi ní gbogbo Sátidé. Ó wá sọ sínú fóònù pé, "Jẹ́ á kó uṣu tán ná."

Iṣu kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń ha á lọ. Ọwọ́ mi kò dúró, ó ń ha erùpẹ̀ kúrò lára iṣu bí ẹni pé iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tèmi. Ohun tó ká mi lára jù kì í ṣe Hannah. Ẹ̀rín yẹn ni. Obìnrin tí mo ń pè ní ìyá rẹ́rìn-ín sí mi lójú, ó sì ń fi ẹnu kan náà ná mi bí ẹrù ọjà, níwájú mi, nítorí ó gbà pé n kò gbọ́.

Mo gbé iṣu náà sílẹ̀, sí sápá ti ńlá níbi tó yẹ kó wà. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ògo. Ó rò pé mo fẹ́ kí ọkọ mi ni, ó na fóònù sí mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ohun tí èmi àti Bọ́ládé ti kọ́ sórí fún ọjọ́ ìdána, mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ:

"Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ará ulé ọkọ mi. Èmi Fadékẹ́mi li ùyàwó yín. Ulé yín ti di ulé mi."

Ìyá Ògo la ẹnu sílẹ̀. Láti inú fóònù, Ògo ní, "Kẹ́mi? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú ilé ló ń kọ́ èdè ibẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́ lórí àpáta."

Ohùn Ògo wálẹ̀. "Kẹ́mi, n kò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra búrẹ́dì. Lárúbáwá inú ìwé tí mo ti ń kà láti ilé ni mo fi béèrè. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, bí ojú ṣe tì ẹ́ nínú takisí. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín."

"Ó bá ẹ túmọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni tòun?"

N kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ láti ibẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ròyìn rẹ̀ fún mi, nítorí ara mi ni ó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sunkún nígbà yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé n kò lóye rẹ̀ ni, ì bá sàn.

Ìyá Ògo di èjìká mi mú. Ó ní, "Ọmọbìnrin mi, dìde. Dárí jì mí. Èmi kò ní ibi lọ́kàn sí ọ."

Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ ọ́ ní ti ulé yín. Mo gbọ́ ọ." Ó yíjú sí iṣu tó kù nílẹ̀. Mo dìde, mo gbé báàgì mi.

Ilé tí Bọ́ládé háyà kò jìnnà sí ibi tí takisí ti ń gbéra. Ó ń sá aṣọ nígbà tí mo yọ. Ó rí ojú mi, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Bọ́ládé, ṣé o mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Hannah."

Ó jókòó sórí pèpéle. Ó ní, "Ọdún Àjíǹde ni Ògo sọ fún mi. Mo bá a jà, Kẹ́mi! Mo rò pé ó máa yí ọkàn padà. Mo ní kí n má tètè dà ọ́ láàmú."

Láti ọdún Àjíǹde. Nígbà yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwe ni. "Ṣé ìwọ lo ṣì ń kọ́ mi bí màá ṣe kúnlẹ̀? Ìwọ lò ń tún un ṣe fún mi pé kì í ṣe 'ilé', pé 'ulé' ni kí n wí?"

"Inú rẹ máa ń dùn nídìí rẹ̀," ni ó wí. Ó ti ń sunkún. "N kò mọ bí màá ṣe dá a dúró."

"O ní kí Dádì mi di ọrùn rẹ mú."

Àwọn àgbà ní bí a bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Alárinà tèmi kò dúró kí n mojú ọkọ. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbé orí lé e léjìká, nítorí òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nílùú náà. N kò ṣe èyíkéyìí. Mo kọjá lọ sí ibi tí takisí wà.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ń ro ohun tí màá wí fún Dádì mi. N kò gbọ́dọ̀ sunkún sí i létí, ìlérí tí èmi náà ṣe nìyẹn, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń dalẹ̀. Mo nu ojú mi kí a tó gbéra.

Ìyá kan tó gbé epo pupa sínú jálá jókòó tì mí. Kì í ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ìyá ibẹ̀ jọ jẹ́. Ó ní kí n bá òun sún díẹ̀, ó ní oòrùn yìí mú. Mo fi èdè Èkìtì dá a lóhùn, n kò tiẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́, mo ní kó rọra gbé jálá náà kó má dà sílẹ̀, mo fi àpárá kan kún un nípa dírẹ́bà wa tó ń sáré bí ẹni tí ìyàwó ń lé. Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín nínú ọkọ̀ náà. Gbogbo wọn ló gbà pé ọmọ ìbílẹ̀ ni mí.

Ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún. Ó ní ẹnu mi dùn, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọmọ tó kàwé tó ṣì gbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Ó wá bojú wò mí dáadáa, kó lè mọ ẹbí tí mo ti wá.

Ó ní, "Ulé yèsí?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn ló wà lẹ́nu mi. Ilé tí mo tìtorí rẹ̀ kọ́ wọn, tí ǹ bá dárúkọ fún un, ni kò sí mọ́.